Bí a ṣe ń to dẹ́ẹ̀kì Magic tí ń gba ìjà lọ́wọ́ alátakò

Àwa díẹ̀ tí a ń fi káàdì Magic: The Gathering díje ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) máa ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé lábẹ́ igi máńgòrò kan tí kò jìnnà sí ọjà Ouando. A ó tẹ́ ẹní, a ó fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà, olúkúlùkù yóò sì yọ dẹ́ẹ̀kì tirẹ̀, ìyẹn àkójọ káàdì tí ó fi ń ṣeré, síta. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá yọ kò yàtọ̀ síra: ẹ̀dá kéékèèké tí ń sáré, ọfọ̀ iná tí ń jó ènìyàn lójú ẹsẹ̀, àti ìrètí pé eré yóò ti parí kí ìyípo karùn-ún tó pé. Irú dẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ lágbára, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn ń gbé wá ni gbogbo ènìyàn ti múra sílẹ̀ dè, àyè sì ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹni tí ó bá lè gbé ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ ka iwájú wọn.

Dẹ́ẹ̀kì tí mo fẹ́ kọ́ yín ní títò yìí kì í sáré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àyè ìjà kúrò lọ́wọ́ alátakò, ìyípo kan lẹ́yìn òmíràn, títí tí gbogbo ẹ̀dá tí alátakò náà kó jọ yóò fi jókòó bí èrò ìworan. Mo ti ń lò ó fún ọdún méjì. Mo ti fi borí, mo sì ti fi pàdánù lọ́nà tí ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò lè gbàgbé. Èmi yóò sọ méjèèjì.

Ìsọ̀rí tí a ń tò ó fún

Eré yìí, tí Richard Garfield ṣe, tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast sì gbé jáde ní ọdún 1993, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀rí ìdíje. Èyí tí mo yàn ni Pauper, níbi tí a kò ti gbọdọ̀ lo káàdì kankan àfi èyí tí wọ́n ti tẹ̀ rí ní ipò gbáàtúù, ìyẹn ipò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú páálí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kí ilé-iṣẹ́ náà tó fọwọ́ sí i fún káàdì oníwèé ní ọdún 2019. Dẹ́ẹ̀kì kò gbọdọ̀ dín ní káàdì 60. Ẹyọ 4 ni ó pọ̀ jù fún orúkọ kan, yàtọ̀ sí àwọn ilẹ̀ ìpìlẹ̀, ìyẹn àwọn káàdì tí ń mú máná wá, agbára tí a fi ń san owó káàdì yòókù. Ẹ̀mí 20 ni olúkúlùkù fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì 7 lọ́wọ́. A sì lè ní káàdì 15 sí i ní ìpamọ́, tí a ó máa fi ṣe pààrọ̀ láàárín eré kan àti èkejì.

Owó ni ó mú mi yàn án. Ẹni tí ń gba owó oṣù ní sẹ́fà kò lè máa lé káàdì tí ẹyọ kan rẹ̀ tó owó ilé, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú káàdì tiwa ń dé nínú àpò ẹbí tí ó ti Faransé bọ̀. Bí tiyín bá jẹ́ èdè Faransé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú, nítorí pé òfin ìdíje gba gbogbo èdè tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń tẹ káàdì. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́: Contresort àti Counterspell, ọfọ̀ tí ń fagi lé káàdì tí alátakò ń lò, jẹ́ káàdì kan náà, nítorí náà a kò lè kó Contresort méjì lé Counterspell mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìbéèrè tí wọn kò ní ìdáhùn sí

Ẹni tí ó bá fẹ́ to dẹ́ẹ̀kì àrà ọ̀tọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì kan tí ó fẹ́ràn, yóò sì máa wá ohun tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Ní tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni gbogbo dẹ́ẹ̀kì tí mo ń bá pàdé gbẹ́kẹ̀ lé, tí kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó rò pé a lè gbà lọ́wọ́ òun?

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Lantern Control, ní ìsọ̀rí Modern. Ní ọdún 2015, Zac Elsik fi í gba ìdíje ńlá Grand Prix Oklahoma City, àwọn tí ó rí i nígbà náà kò sì mọ ohun tí wọn yóò pè é. Dẹ́ẹ̀kì náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹ̀dá kankan. Ó ń lo Lantern of Insight láti ṣí káàdì tí ó wà lókè fún gbogbo ojú láti rí, ó ń lo àwọn irinṣẹ́ kékeré bíi Codex Shredder láti ju èyí tí ó léwu nù kí alátakò tó fà á, ó sì ń fi Ensnaring Bridge dá ẹ̀dá ńláńlá dúró, nítorí pé ẹ̀dá tí agbára rẹ̀ bá ju iye káàdì ọwọ́ ẹni tí ó ni Bridge lọ kò lè jà. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ni pé káàdì tí yóò gba àwọn là ń bọ̀ ní fífà tí ó kàn. Lantern gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2018, Luis Salvatto, ọmọ Ajẹntínà, fi irú dẹ́ẹ̀kì yìí kan náà gba Pro Tour Rivals of Ixalan ní Bilbao.

Nígbà tí mo béèrè ìbéèrè yẹn nípa ẹní tiwa, ìdáhùn tí mo rí ni ìpele ìjà. Àwọn dẹ́ẹ̀kì tí ó yí mi ká ń borí nípa pé ẹ̀dá wọn ń kọjú ìjà sí ènìyàn. Mo wá lọ sí Scryfall, ibi tí a ti ń wá káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kọ f:pauper o:"combat phase" sínú àpótí ìwákiri, mo sì ń ka ohun tí ó yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Stonehorn Dignitary: ẹ̀dá funfun tí a ń fi máná 4 pè, agbára rẹ̀ (ìpalára tí ó ń ṣe) 1, ara rẹ̀ (ìpalára tí ó lè pa á) 4. Nígbà tí ó bá wọ pápá, alátakò tí a bá yàn yóò fo ìpele ìjà rẹ̀ tí ó kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ ọ́ di ìdè

Káàdì kan tí ń dá ìjà dúró lẹ́ẹ̀kan kò tó nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ máa wọ pápá léraléra. Níbi tí Ghostly Flicker ti wúlò nìyẹn: pẹ̀lú máná 3, ó ń mú nǹkan yín méjì kúrò lórí pápá, ó sì ń dá wọn padà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi kan Dignitary àti Archaeomancer papọ̀, Dignitary yóò tún gba ìjà lọ́wọ́ alátakò, Archaeomancer, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ọfọ̀ kan jáde láti inú ibojì (ibi tí káàdì tí a ti lò ń lọ) padà sí ọwọ́, yóò sì dá Ghostly Flicker yẹn gan-an padà fún yín. Ẹ lè tún un ṣe ní gbogbo ìyípo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jiyàn lórí èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé. Wọn yóò sọ pé Archaeomancer padà wọlé kí Ghostly Flicker tó dé ibojì. Òótọ́ ni pé ó kọ́kọ́ padà, ṣùgbọ́n a kì í yan ohun tí yóò mú títí ọfọ̀ náà yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá, nígbà yẹn ọfọ̀ náà sì ti wà nínú ibojì. Ti Ephemerate yàtọ̀. Ó ń ná wa ní máná funfun 1 péré, ó ń mú ẹ̀dá kan lọ, ó sì ń dá a padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lò ó láti ọwọ́, kì í lọ sí ibojì: yóò wà ní ìta eré, ẹ ó sì tún lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo yín tí ó kàn. Ìgbà kejì yìí ni ó tó wọ ibojì, ìgbà yẹn nìkan sì ni Archaeomancer lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé e lórí ẹní. Ní ìyípo kẹrin, ilẹ̀ yín pé 4, ẹ pe Dignitary. Alátakò kò jà. Ní ìyípo karùn-ún, ẹ lo Ephemerate lé Dignitary, máná 4 sì ṣẹ́ kù fún Counterspell bí wọ́n bá fẹ́ ṣe nǹkan. Alátakò kò jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo kẹfà, Ephemerate padà fúnra rẹ̀, ẹ tún fi kan Dignitary, ó wọ ibojì, ẹ wá pe Archaeomancer pẹ̀lú máná 4, ó dá Ephemerate padà sí ọwọ́ yín. Alátakò kò tún jà. Láti ìyípo keje lọ, bí Ghostly Flicker bá ti wà lọ́wọ́, ìdè náà ti pé: máná 3 lóòjọ́ ni owó ìtọ́jú rẹ̀, ìyókù jẹ́ ti ìdáàbòbò.

Àsìkò ṣe pàtàkì gidigidi. Ìpele ìjà tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé fò mọ́. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí alátakò ti nawọ́ sí ẹ̀dá rẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀, ẹ ti pẹ́; èyí tí yóò tẹ̀ lé e ni Dignitary yóò mú. Ìyípo tiyín ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ti máa lo Flicker, pàápàá bí alátakò bá ti ná máná rẹ̀ tán, nítorí pé nígbà náà kò ní ohun tí yóò fi dá a dúró. Bí Dignitary bá sì wọ pápá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan, ìpele ìjà méjì ni alátakò yóò fò, kò ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka iye

Ẹ má fi ojú inú ka káàdì. Nínú dẹ́ẹ̀kì 60, káàdì tí ó ní ẹyọ 4 máa ń wà nínú 7 àkọ́kọ́ ní bíi ìgbà 40 nínú 100. Títí di ìyípo kẹrin, fún ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣeré, tí ó ti rí káàdì 10, ó di 53. Bí ẹ bá ní káàdì 8 tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, yóò jẹ́ 65 nínú 7 àkọ́kọ́, àti 79 nínú 10. Ìyàtọ̀ láàárín 53 àti 79 ni ìyàtọ̀ láàárín dẹ́ẹ̀kì tí ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn àti èyí tí a lè gbé lọ síbi ìdíje. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní Ghostly Flicker 4 àti Ephemerate 4: orúkọ méjì, iṣẹ́ kan.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Ẹ̀dá: Stonehorn Dignitary 4, Archaeomancer 3, Mnemonic Wall 1 tí ń ṣe iṣẹ́ Archaeomancer pẹ̀lú ara tí ó le jù, Mulldrifter 4 tí ń fò, tí ń fún wa ní káàdì méjì bí ó bá ti wọlé, Spirited Companion 4 tí ń fún wa ní káàdì kan bí ó bá ti wọlé, àti Lone Missionary 2 tí ń fi ẹ̀mí 4 kún tiwa. Ọfọ̀: Ghostly Flicker 4, Ephemerate 4, Counterspell 4, Preordain 4 tí ń fún wa ní káàdì, àti Journey to Nowhere 3 fún ẹ̀dá tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó pẹ́ lórí pápá. Ilẹ̀ 23: Island 7, Plains 6, Azorius Chancery 4, Tranquil Cove 4, Evolving Wilds 2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ilẹ̀ 23 ń fún wa ní bíi 2.7 nínú káàdì 7 àkọ́kọ́. Ọwọ́ tí ó bá ní ilẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ dá a padà, bí ó ti wù kí ìyókù rẹ̀ dára tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pinnu bí eré yóò ṣe parí

Ibí yìí ni mo ti ṣìṣe, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo gbà pé ìdè náà ti tó. Mo rò pé alátakò tí kò lè jà yóò máa fa káàdì títí àká rẹ̀, ìyẹn ìdì káàdì tí a ti ń fà, yóò fi gbẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ fa káàdì láti inú àká tí kò ní nǹkan mọ́ ti pàdánù. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo de àbúrò kan mọ́lẹ̀ fún ìyípo mọ́kànlá. Ẹ̀dá rẹ̀ kún orí ẹní, ó tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sì lè fi ọ̀kankan ṣe nǹkan. Inú mi dùn. Mo ń fi Flicker kan Mulldrifter, mo ń fa káàdì méjì méjì, ọwọ́ mi kún. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì rọra sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àká yín.” Káàdì kan ni ó kù níbẹ̀. Tirẹ̀ ṣì ga bí ìkúùkù, ẹ̀mí rẹ̀ sì jẹ́ 18.

Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Alátakò tí ó ní káàdì 60 ti mú 7, ó ku 53. Bí ó bá ń fa ọ̀kan ní ìyípo kan, ìyípo 53 ni yóò gbà. Ẹ̀yin, pẹ̀lú Preordain, Companion àti Mulldrifter, ń jẹ àká tiyín ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fífà Mulldrifter kò sì jẹ́ ohun tí a lè kọ̀: bí ó bá ti wọlé, a gbọ́dọ̀ fà. Pẹ̀lú ìyẹn, ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n sábà máa ń fún eré mẹ́ta níbi ìdíje. Kò sí bí ìyípo 53 ṣe lè wọ inú rẹ̀.

Ohun tí yóò parí eré ni Mulldrifter fúnra rẹ̀. Ó ń fò, agbára rẹ̀ jẹ́ 2, alátakò tí a ti dè kò sì lè fi ìjà dáhùn, nítorí náà ewu kò pọ̀ nínú kí ẹ rán an jáde ní gbogbo ìyípo. Mulldrifter kan yóò gba ẹ̀mí 20 ní ìgbà 10. Méjì yóò gbà á ní ìgbà 5. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé òfin kalẹ̀ fún ara mi: bí ìdè bá ti pé, Mulldrifter àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní ìyípo tí ó tẹ̀ lé e gan-an, bí àká mi bá sì ti ku 15, n kì í fi Flicker kàn án mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí ń kó odù máa ń fara da kí wọ́n jẹ ọmọ rẹ̀ ní ilé yòókù, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìgbà tí òun yóò tú odù náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ ohun tí yóò já ìdè náà

Iná kò nílò ìpele ìjà. Lightning Bolt ń gba ẹ̀mí 3 láti ọwọ́ tààrà, Dignitary kò sì rí nǹkan ṣe sí i. Nítorí èyí ni Hydroblast 4, tí ń dá káàdì pupa (àwọ̀ ọfọ̀ iná) dúró, ṣe wà nínú káàdì ìpamọ́ mi pẹ̀lú Lone Missionary 2 sí i. Ephemerate kan lórí Missionary jẹ́ ẹ̀mí 4 lónìí, ó tún jẹ́ 4 ní ìyípo tí ó kàn, ìyẹn sì ń dá dẹ́ẹ̀kì pupa lágara ju ohunkóhun lọ. Prismatic Strands 3 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ń dènà gbogbo ìpalára láti ọ̀dọ̀ àwọ̀ kan fún odidi ìyípo. Fún àwọn tí ń kó irinṣẹ́ jọ, Dust to Dust 3, tí ń lé irinṣẹ́ méjì kúrò nínú eré lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyókù ni Negate 3, tí ń fagi lé ọfọ̀ tí kì í ṣe ẹ̀dá.

Ọ̀tá gidi ni Relic of Progenitus, irinṣẹ́ kan tí ń kó káàdì kúrò nínú ibojì. Ó lè lé Ghostly Flicker kúrò nínú ibojì nígbà tí Archaeomancer ṣì ń nawọ́ láti mú un, ìdè náà yóò sì já níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i nínú eré àkọ́kọ́, ẹ mú Negate wọlé, ẹ sì fi Counterspell kan pamọ́ fún un, kódà bí ẹ̀dá ńlá bá ń kọjá lójú yín. Ẹ̀dá ńlá tí kò lè jà kò ṣe yín ní nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò kí ẹ tó náwó

Ẹ gé ìwé pélébé, ẹ kọ orúkọ àti iṣẹ́ káàdì sí i, ẹ tì í bọ inú àpò káàdì níwájú ilẹ̀ ìpìlẹ̀ èyíkéyìí tí ẹ bá ní. Irú káàdì ìwé bẹ́ẹ̀ kò wọlé níbi ìdíje tí a fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀rẹ́, ó tó láti mọ̀ bóyá dẹ́ẹ̀kì náà yẹ ní rírà. Mo ṣe eré 20 báyìí kí n tó ra ẹyọ kan. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, mo kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé: ìyípo tí ìdè pé, iye káàdì tí ó kù nínú àká mi nígbà tí eré parí, àti káàdì tí ó wà lọ́wọ́ mi tí n kò rí lò.

Nígbà tí ẹ bá wá rà á, ẹ ra àpò káàdì 75 tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, kí ẹ sì yẹra fún káàdì tí ń dán. Ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ máa ń ká irú káàdì bẹ́ẹ̀ bí ewé gbígbẹ, adájọ́ sì lè kà á sí káàdì tí a sàmì sí.

Ìgbésẹ̀ tí ó kù ni ìyára ọwọ́. Ẹ máa ṣe ìdè náà nìkan nílé, pẹ̀lú aago níwájú yín: ẹ gbé Flicker sílẹ̀, ẹ fọwọ́ kan Dignitary, ẹ fọwọ́ kan Archaeomancer, ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ síta ní gbólóhùn kan, ẹ mú Flicker padà, kí ẹ rán Mulldrifter jáde, kí ẹ sì kọ ẹ̀mí tuntun alátakò sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyípo kan ń gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ má gbé e lọ síbi ìdíje títí tí yóò fi wá sí abẹ́ ìṣẹ́jú kan.